Bí Àwẹ̀ró Ṣe Gbé Abẹ Wọ Igbó Àìwẹ̀yìn

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí ikọ́ bá ń gbé, kí ó wú u tán kí n tó la ẹnu. Ẹni tí ó bá gbé ìkòkò kaná, kí ó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn tí mo gbé wá yìí kò fẹ́ kí a dìde láàárín. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọdẹ tí ẹfọ̀n rí tí ó gbàgbé pé òun ní ìwo. Mo ti sùn nínú ihò àmọ̀tẹ́kùn rí, onílé ni ó lọ wá ibòmíràn sùn. Bí mo bá fẹ́ máa yin ara mi lónìí, oòrùn yóò wọ̀ bá wa níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ìtàn obìnrin kan ni, obìnrin tí kò yin ìbọn rí, tí kò dẹ pàkúté rí, tí ó sì dé ibi tí ẹsẹ̀ èmi Ọdẹ́rìndé kò dé. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ní ọjọ́ tí ó jáde kúrò nínú igbó. Mo bu omi fún un mu létí odò, mo sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. N kò bù mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé mo bù mọ́ ọn, ẹ forí jì mí, ẹnu ọdẹ ni.

Àwẹ̀ró ni orúkọ obìnrin náà. Ọmọ onígbàjámọ̀ ni, aya onígbàjámọ̀ sì ni, ní ìlú Òkè-Apá. Láti kékeré ni ó ti ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀: bí a ti ń pọ́n abẹ lórí òkúta títí ariwo rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀, bí a ti ń nà án lórí awọ, bí a ti ń fi kànìnkànìn po ọṣẹ dúdú títí yóò fi hó bí ẹmu àárọ̀. Ṣùgbọ́n ní Òkè-Apá, wọn kì í jẹ́ kí obìnrin fi abẹ kan ojú ọkùnrin. Ojú ọkùnrin kan ṣoṣo ni Àwẹ̀ró ń fá, ojú Ògúnjìmí ọkọ rẹ̀. Ẹ sáà mọ̀ pé bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ògúnjìmí a máa fá gbogbo àgbààgbà ìlú, ṣùgbọ́n láàárọ̀, kí ó tó gbé àpò rẹ̀ jáde, òun náà yóò jókòó lórí àpótí fún ìyàwó rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ ní àkókò náà. Ta ni í sọ̀rọ̀ nígbà tí abẹ bá wà lọ́rùn rẹ̀? Àwẹ̀ró sọ fún mi pé nínú gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi jẹ́ tọkọtaya, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni òun fẹ́ràn jù.

Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbálẹ̀ wá sí iwájú ilé wọn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ògúnjìmí, iṣẹ́ ń dúró dè ọ́ ní ìlú wa. Àwọn ọkùnrin wa kò rí ẹni fá wọn."

Ògúnjìmí rẹ́rìn-ín. Ó ní irú ìlú wo ni ìyẹn tí kò ní onígbàjámọ̀? Ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó fi ọwọ́ pa orí Ìbídùn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun pamọ́. Ó tẹ̀lé àlejò náà wọ Igbó Àìwẹ̀yìn. Oúnjẹ náà kan. Òjò rọ̀, òjò dá. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ibà mú Ìbídùn, ó sì pa á. Bàbá rẹ̀ ni ọmọ náà ń pè títí ohùn rẹ̀ fi lọ.

Nígbà tí wọ́n ti sin ín tán, Àwẹ̀ró lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ lórí ẹní.

"Ìyá, mò ń lọ wá a."

Ìyá arúgbó náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ mi, mo ti sọ ọmọ nù, mo ti sọ ọmọ-ọmọ nù. Ṣé kí n tún sọ ìwọ náà nù ni?"

"Bí mo bá jókòó síhìn-ín, ẹ ti sọ mí nù ná, ìyá."

Arúgbó wò ó títí, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwẹ̀ró mú abẹ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó mú òkúta àti awọ, ó di ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn sínú àpò pẹ̀lú òrí díẹ̀, ó gbé akèrègbè omi àti ìkòkò kékeré kan, ó sì wọ inú igbó.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń fi ọwọ́ pa àgbọ̀n lọ́hùn-ún yìí, ẹ tẹ́tí. Ẹni tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà Igbó Àìwẹ̀yìn, iwin ni. Ẹlẹ́gùn-ún-Lágbọ̀n ni wọ́n ń pè é. Irùngbọ̀n rẹ̀ kì í ṣe irun, ẹ̀gún ni, ẹ̀gún tí ó gùn tó ìka ọwọ́, agbọ́n sì ti kọ́lé sí àgbọ̀n rẹ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, agbọ́n a fò jáde. Bí ó bá panu mọ́, wọn a padà wọlé. Àwẹ̀ró wólẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìwọ obìnrin, kí ni o gbé wá?"

"Abẹ ni, bàbá. Ọkọ mi ni mo ń wá."

Iwin náà rẹ́rìn-ín, agbọ́n sì yí orí rẹ̀ ká. "Gbogbo ènìyàn ni í ní ohun tí ó ń wá. Gbọ́ àlọ́ mi. Igbó kékeré kan yí ẹnu ọ̀nà ààfin ká, kò sí ẹran nínú rẹ̀."

"Irùngbọ̀n ni, tí ó yí ẹnu ká."

"Oko wo ni a ń ro láàárọ̀ láàárọ̀ tí a kì í kórè?"

"Irùngbọ̀n náà ni, bàbá."

"Ta ni í fi irin sí ọba lọ́rùn, tí ọba kì í ké sí ẹ̀ṣọ́?"

"Onígbàjámọ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ sì ni mí."

Ẹlẹ́gùn-ún-Lágbọ̀n gbé àgbọ̀n sókè. "O mọ ọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n wò ó bóyá o mọ iṣẹ́. Fá mi. Bí ẹ̀jẹ̀ mi bá kán, tìrẹ ni a ó fi dí i."

Ṣé ẹ rí i, ẹ̀yin ènìyàn mi? Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, tí mo ti yọ eyín lẹ́nu ìkookò láàyè, bí ó bá jẹ́ èmi ni, mo ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwẹ̀ró kò sá. Ó dá iná, ó fi ewé tútù sí i, èéfín gòkè, àwọn agbọ́n náà sì kó ẹrù wọn lọ. Ó gbé omi kaná. Ó ya etí aṣọ rẹ̀, ó rì í sínú omi gbígbóná, ó fún un, ó sì fi í di àgbọ̀n iwin náà. Nígbà tí aṣọ náà tutù, ó tún rì í, ó tún fi í dì í, nítorí bàbá rẹ̀ a máa sọ pé ohun tí ó bá le kì í gbọ́ ti ipá, omi gbígbóná ni í gbọ́. Ó po ọṣẹ títí ó fi hó, ó fi kànìnkànìn pa á wọ ìdí ẹ̀gún kọ̀ọ̀kan. Ó pọ́n abẹ, ó nà án lórí awọ, ó fi àtàǹpàkò fa awọ ojú náà le, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ etí, ó ń tẹ̀lé ibi tí ẹ̀gún dojú kọ, kò ta kò ó. Ẹ̀gún ń já, ó ń dún pàrà pàrà bí igi gbígbẹ. Ó dé ìsàlẹ̀ ètè. Ó dé gògóńgò. Níbẹ̀ ni iwin náà gbé itọ́ mì, Àwẹ̀ró sì gbé abẹ sókè kí ó tó mì í tán.

Nígbà tí ó fi omi ṣan ojú náà, ojú ọ̀dọ́kùnrin ni ó jáde lábẹ́ ẹ̀gún. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò kán. Omijé nìkan ni ó ń já bọ́.

"Láti ìgbà tí mo ti dé ayé," ni iwin náà wí, "ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kan ojú mi láìṣe pé ó fẹ́ gbá mi létí. Mi ò ní ẹ̀bùn tí n ó fún ọ. Ọ̀nà nìkan ni mo ní, mo sì ṣí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé o lè gbọ́ ìmọ̀ràn, padà sílé."

Kò gbọ́. Ó kọjá.

Ibi tí ó dé lẹ́yìn náà ni Ìlú Onírùngbọ̀n. Bí ẹ bá rí ìlú yẹn, ẹ ó fi ọwọ́ di ẹnu! Ọkùnrin ní irùngbọ̀n, obìnrin ní irùngbọ̀n, ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn ní irùngbọ̀n. Àwọn ewúrẹ́ wọn ti di ìjòyè. Níbẹ̀, ẹni tí kò bá ní irùngbọ̀n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ láàárín ìlú, bí ilé tilẹ̀ ń jó. Àwẹ̀ró béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wò ó bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wọ inú oko àgbàdo kan, ó já irun orí àgbàdo, ó fi ọṣẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àgbọ̀n, ó padà. Kíá ni wọ́n dìde fún un. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá àgbà." Wọ́n fún un ní àpótí. Ibi tí ó ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni atẹ́gùn ti fẹ́, irun àgbàdo sì ṣí kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ariwo sọ. Wọ́n dì í mú, wọ́n wọ́ ọ lọ sí ọ̀dọ̀ olórí wọn, ìyá arúgbó kan tí irùngbọ̀n funfun rẹ̀ tẹ́ sórí orúnkún bí ẹní. Wọ́n ní ó wá fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́, pé kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ títí irùngbọ̀n yóò fi hù lẹ́nu rẹ̀. Inú bí Àwẹ̀ró. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ebi ń pa á, ọmọ rẹ̀ wà nínú ilẹ̀.

"Bí ó bá jẹ́ pé irùngbọ̀n ni ọgbọ́n," ni ó wí, "òbúkọ ni ì bá máa dájọ́ fún ayé. Ẹ so mí, bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi bóyá ọkọ mi kọjá níbí."

Olórí wọn bú sẹ́rìn-ín títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ẹ̀rín náà pẹ́. Nígbà tí ó tán, kò sí ẹ̀rín lójú rẹ̀ mọ́.

"Ẹ tú u sílẹ̀. Ọmọ, ọkọ rẹ kọjá níbí, òun àti aṣíwájú rẹ̀. Ìlú Ìgbàgbé ni wọ́n lọ. Ìwọ kọ́ ni obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò tọ ọkọ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Mo máa ń jókòó síhìn-ín wò wọ́n bí wọ́n ti ń lọ. Mo tún máa ń jókòó síhìn-ín wò wọ́n bí wọ́n ti ń bọ̀. N kò tíì rí ọkùnrin kan lẹ́yìn obìnrin kan rí."

Àwẹ̀ró ní kí ó fi ọ̀nà han òun. Arúgbó náà na ìka.

Ìlú Ìgbàgbé kò ní odi, kò ní oníbodè. Ta ni yóò sá kúrò níbẹ̀? Àwọn ọkùnrin ni ó kún ibẹ̀, wọ́n jókòó lábẹ́ igi, wọ́n fẹ̀yìn tì. Irùngbọ̀n wọn bò wọ́n láti ìsàlẹ̀ ojú títí dé ilẹ̀, ó wọ inú ilẹ̀ lọ bí gbòǹgbò. Wọn kì í jà, wọn kì í sọkún. Bí ẹ bá wo ẹyinjú wọn, ẹ ó rí i pé inú wọn dùn. Lórí ẹ̀ka kan ni Àwẹ̀ró ti rí àpò ọkọ rẹ̀ tí ó so rọ̀. Ó tú u wò. Abẹ inú rẹ̀ ti dípẹtà. Ẹni tí wọ́n pè wá fá wọn ti di ọ̀kan nínú wọn.

"Bàbá Ìbídùn o!" Àwẹ̀ró ké. "Bàbá Ìbídùn!"

Gbogbo wọn gbójú sókè jẹ́jẹ́, bí ènìyàn ti í gbójú sókè wo ẹyẹ tí ó ń ké. Kò sí ẹni tí ó dáhùn.

Kí ni kí ó ṣe? Ó kúnlẹ̀ síwájú ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù, ó po ọṣẹ, ó fá a. Ojú àlejò ni. Ṣùgbọ́n bí irun tí ó kẹ́yìn ti bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin náà fò dìde. "Iṣu mi! Mo fi iṣu sórí iná! Ìyàwó mi ní kí n máa wò ó, mo ní mò ń bọ̀!" Ó sáré gba ọ̀nà. Kò tíì rìn jìnnà tí irùngbọ̀n fi tún bo ojú rẹ̀. Ó dúró. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó sáàárín ọ̀nà, ayọ̀ sì padà sí ẹyinjú rẹ̀.

Àwẹ̀ró fá èkejì. Bàbá arúgbó ni. Ó ń wo Àwẹ̀ró bí ẹni tí ó jí lójú oorun. "Òkè-Ọ̀pẹ ni ilé mi, ọmọ mi. Mo fi ìyàwó mi sílẹ̀ pẹ̀lú oyún. Ṣé ó ti bí?"

Àwẹ̀ró mọ Òkè-Ọ̀pẹ. Gbogbo ará Òkè-Apá ni ó mọ̀ ọ́n. Ibi tí wọ́n ti ń ṣa ìgbín ni, igbó kìjikìji, bí ènìyàn bá gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, àfọ́kù ìkòkò àwọn ará àtijọ́ ni yóò rí. Bàbá náà wo ẹnu rẹ̀ tí ó là sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó sì mọ̀. Ó ké igbe kan tí Àwẹ̀ró sọ pé òun ṣì ń gbọ́ nígbà tí òun ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó irùngbọ̀n tí a ti fá sílẹ̀, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ara rẹ̀. "Dá a padà fún mi. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, dá a padà."

Ó yẹ kí Àwẹ̀ró ṣíwọ́ níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í gbọ́ ariwo ọjà. Ó fá ẹnìkan, ó fá ẹlòmíràn, igbe ń sọ lẹ́yìn rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

Ní ìdí igi kan, ó kúnlẹ̀ síwájú ọkùnrin kan, ó ń pọ́n abẹ. Kí ó tó sọ ohunkóhun, ọkùnrin náà gbé àgbọ̀n sókè, ó yí ọrùn díẹ̀ sí òsì, ó sì fa ètè òkè rẹ̀ bo eyín. Àwẹ̀ró dá abẹ pípọ́n dúró. Ènìyàn tí kì í ṣe onígbàjámọ̀ kò ní mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a ń na awọ ojú sílẹ̀ de abẹ. Ọkàn rẹ̀ ti gbàgbé, ara rẹ̀ kò gbàgbé.

Ó rọra fá a. Kò kánjú. Ó sọ fún mi pé fún ìgbà díẹ̀ yẹn, ó dà bí ẹni pé ilé ni àwọn wà.

Ògúnjìmí la ojú. "Àwẹ̀ró. Ṣé Ìbídùn ti jẹun?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni ẹ rò pé ó sọ? Ó sọ òtítọ́. Ògúnjìmí kò ké. Ó tẹ̀ síwájú títí orí rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Nígbà tí ó dìde, ó ní, "Mú mi lọ sí ibojì rẹ̀." Wọ́n sì jọ gba ọ̀nà ilé.

Wọn kò tíì jìnnà nígbà tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Àwẹ̀ró bojú wẹ̀yìn, irùngbọ̀n ti bo ojú náà.

"Ẹ kú ìrìn o, ìyá," ni ọkọ rẹ̀ kí i. "Ibo ni ẹ ń lọ?"

Ó mú un jókòó sórí gbòǹgbò, ó po ọṣẹ, ó tún fá a. "Àwẹ̀ró. Ṣé Ìbídùn ti jẹun?"

Ó tún sọ ọ́ fún un. Ọ̀fọ̀ náà dé tuntun, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ rí. Ó tún tẹ orí mọ́ ilẹ̀. Wọ́n tún dìde, wọ́n tún rìn, irun náà sì yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwẹ̀ró tún fá a, ọkọ rẹ̀ tún béèrè, òun náà tún sọ fún un. Tí ó bá pe ọkọ rẹ̀, orúkọ ọmọ náà ni ó gbọ́dọ̀ pè, nítorí kò pè é ní orúkọ mìíràn rí. Nígbà tí ó yá, kò lè sọ ọ́ mọ́.

"Ṣé Ìbídùn ti jẹun?"

"Ó ti jẹun."

Ògúnjìmí rẹ́rìn-ín. Ó ń rìn níwájú, ó ń yára, ó ń sọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ tí òun yóò rà fún ọmọ òun, ó ń béèrè bóyá ó ti ga dé ibi ìlẹ̀kùn. Àwẹ̀ró ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ kí ó má baà rí ojú òun. Ó ní ayọ̀ yẹn wúwo ju ọ̀fọ̀ lọ láti gbé.

Ọṣẹ tán. Omi inú akèrègbè tán. Ó fi itọ́ fá a, ó fi ìrì orí ewé fá a. Lẹ́yìn náà ni ó ń fá a ní gbígbẹ, abẹ kò mú mọ́, òkúta ti fọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń sun lójú ọkọ rẹ̀ bí òógùn. Iwin pàápàá, ó ti fá a láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ tirẹ̀ ni ó ń dá lọ́gbẹ́ yìí.

Ní ìgbà tí ó kẹ́yìn, Ògúnjìmí kò béèrè nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wo ìka rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni.

"Awọ yìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni a fá a. Àwẹ̀ró, ìgbà mélòó ni?"

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ilé kò jìnnà mọ́."

"Ojú rẹ ti wú. Ìbídùn ńkọ́?"

Àwẹ̀ró ń nu ẹ̀jẹ̀ ojú abẹ.

"Ó ti kú," ni Ògúnjìmí wí. "Ṣé o ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀?"

"Mo ti sọ fún yín."

"Ìgbà gbogbo tí o ń fá mi?"

"Mo purọ́ fún yín nígbà kan. Inú yín dùn."

Ó gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí ewé, jẹ́jẹ́, bí a ti í gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. "Má fá mi mọ́."

"Bàbá Ìbídùn, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. A ó délé. N ó máa fá yín nílé. Omi ń bẹ, ọṣẹ ń bẹ."

"A délé tán, kí ló kàn? N ó jí, n ó béèrè ọmọ mi, ìwọ ni yóò sì sọ fún mi. Ilẹ̀ yóò ṣú, ilẹ̀ yóò mọ́, wàá tún sọ fún mi. Ẹnu rẹ ni yóò máa pa á fún mi lójoojúmọ́. N kò ní irú ìkà bẹ́ẹ̀ láti ṣe sí ọ. Ìwọ náà, má ṣe é sí mi."

"Kí n wá ṣe báwo? Kí n fi yín sílẹ̀?"

"Di ojú mi mú díẹ̀ sí i. Ó ti ń bọ̀."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú náà mú. Ó rí i bí irun ti ń yọ láàárín ìka rẹ̀, ó bo ojú ọgbẹ́, ó bo ètè, ó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ń wo ẹyinjú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà nínú wọn, ó wà nínú wọn, lẹ́yìn náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin náà rọra yọ ojú rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọmọlúàbí. "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ni ẹ ń wá?"

"N kò wá ẹnikẹ́ni mọ́," ni Àwẹ̀ró dáhùn.

"Ẹ rìn dáadáa o." Ó yí padà sí ọ̀nà Ìlú Ìgbàgbé, ó ń rìn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí ẹni tí ó ti oko dé tí kò gbé ẹrù kankan sórí. Kò wẹ̀yìn wò.

Létí odò ni mo ti rí obìnrin náà. Mo rò pé òkú ni. Nígbà tí mo sìn ín délé, ìyá ọkọ rẹ̀ wà lórí ẹní, kò lè dìde mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò tíì di. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn méjì, ojú rẹ̀ sì tàn. Nígbà tí ó rí i pé èmi ni, ó tún wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ẹlòmíràn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn wa.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, ìyá."

"Ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le. Inú rẹ̀ dùn. Kò sí ohun tí ó ń dùn ún."

Mo rí i bí arúgbó náà ti ń wá agbára kó jọ fún ìbéèrè tí ó kù. "Ṣé ó béèrè mi?"

Ògúnjìmí kò dárúkọ ìyá rẹ̀ rárá, Àwẹ̀ró ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ ti ẹní náà, ó tún aṣọ bo ẹsẹ̀ arúgbó.

"Ẹ̀yin ni ó béèrè jù, ìyá. Ẹ̀yin ni ó ń béèrè ṣáá."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Àwẹ̀ró lọ gbé ọbẹ̀ kaná fún un. Ọbẹ̀ náà kò tíì hó tí ó fi kú.

Èmi Ọdẹ́rìndé tí n kò bẹ̀rù ẹfọ̀n, n kò lè dúró nínú ilé náà. Mo jáde. Àwẹ̀ró nìkan ni ó kù níbẹ̀, òun àti iná rẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà ìtàn mi já sí nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ má ṣe bi mí ní ìbéèrè, ẹ má sì ṣe retí pé kí n fi ẹ̀kọ́ dì í fún yín. Kò sí ewé tí n ó fi dì í. Ẹ dìde, kí olúkúlùkù máa lọ sí ilé rẹ̀.